Ìwádìí Lórí Fóònù: Bí A Ṣe Lè Fi Àtẹ̀jíṣẹ́ àti Íntánẹ́ẹ̀tì Gbọ́ Tẹnu Àwọn Oníbàárà Ọ̀dọ́

Ẹni tó ń tajà fún àwọn ọ̀dọ́, tó sì fẹ́ mọ ohun tó wà nínú wọn, la kọ èyí fún. Bí ìbéèrè ṣe sábà máa ń wọlé la ṣe tò wọ́n, a ò wo èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó bá ń kánjú, kó ka ti ibi tí a ti ń rí nọ́ńbà, níbi tí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda wà, àti ti iye ìbéèrè, kó máa lọ. Ibi méjèèjì yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń wọgbó.

Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwádìí orí àtẹ̀jíṣẹ́ àti ti orí íntánẹ́ẹ̀tì?

Nínú ti àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ fi ìbéèrè kan ránṣẹ́, ẹni náà tẹ nọ́ńbà tàbí ọ̀rọ̀ kan padà, ìbéèrè kejì sì wọlé. Kò gba dátà. Fóònù kékeré tó ní bọ́tìnnì náà lè ṣe é. Ní ti íntánẹ́ẹ̀tì, líǹkì lẹ máa fi ránṣẹ́. Tó bá ti tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé tí ìbéèrè wà lórí rẹ̀ á ṣí. Ẹ lè fi àwòrán síbẹ̀, ẹ sì lè ṣètò rẹ̀ kí ẹni tó bá ní òun kò ra bàtà rí má rí ìbéèrè kankan nípa bàtà.

Ọ̀pọ̀ ló ń pa méjèèjì pọ̀: àtẹ̀jíṣẹ́ ló ń pe èèyàn, ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà á lálejò. Ìlànà tèmi rèé: bí ìbéèrè yín kò bá ju mẹ́ta lọ, ẹ má fi líǹkì da ẹnikẹ́ni láàmú, ẹ bi í lórí àtẹ̀jíṣẹ́, kó parí síbẹ̀. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé e lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí pé ìgbàkígbà tí àtẹ̀jíṣẹ́ mìíràn bá wọlé ni ẹni náà tún ń rí ààyè láti pa yín tì.

Ṣé àwọn ọ̀dọ́ ṣì ń ka àtẹ̀jíṣẹ́? Ṣebí orí WhatsApp ni gbogbo wọn wà?

Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bá ọ̀rẹ́ wọn ṣeré. Ṣùgbọ́n inú àpótí àtẹ̀jíṣẹ́ ni báńkì ti ń kàn sí wọn, ibẹ̀ náà ni nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń wọlé sórí ìkànnì mìíràn ń gbà wọlé. Nítorí náà wọ́n ń wò ó. Ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, ọdún 1992 ni Neil Papworth ti tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ láti orí kọ̀ǹpútà, lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Vodafone ní Bìrìtìkó. Ìkíni Kérésìmesì ni ó fi ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ẹ fẹ́ bi ní ìbéèrè kò tíì dáyé nígbà yẹn. Ohun tí àwọn òbí wọn fi ń tage, àwọn fi ń gba ìròyìn báńkì.

Èrè wà nínú ìyẹn fún yín, ewu náà sì wà níbẹ̀. Àyè tí wọ́n ka sí ibi ọ̀rọ̀ pàtàkì lẹ bá wọlé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ máa ń hàn níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. Ẹ rántí pẹ̀lú pé ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn ka nǹkan, ọ̀tọ̀ ni kó fèsì sí i.

Bó bá jẹ́ pé orí WhatsApp ni àwọn oníbàárà yín ti ń bá yín sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ bi wọ́n níbẹ̀. Ìlànà WhatsApp fúnra rẹ̀ ní kí iléeṣẹ́ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda kó tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí oníbàárà, nítorí náà ẹ ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè tó kàn.

Ibo la ti máa rí nọ́ńbà wọn?

Lọ́wọ́ àwọn gan-an. Ẹ má ra àkójọ nọ́ńbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bó ti wù kó búra pé àwọn tó wà níbẹ̀ ti gbà. Ìwọ̀nba èèyàn 300 tó fọwọ́ ara wọn kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fún yín wúlò ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí wọn kò mọ̀ yín rí.

Nígbà tí ẹ bá ń gba nọ́ńbà náà, ẹ sọ ohun mẹ́rin: ta ni ẹ jẹ́, kí lẹ fẹ́ fi nọ́ńbà náà ṣe, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ máa kàn sí i láàárín oṣù kan, àti bó ṣe lè ní kí ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ jẹ́ kó tẹ ohun kan láti fi hàn pé òun gbà. Àpótí tí ẹ ti bá a fi àmì sí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Òfin ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn dojú kọ. Ní Amẹ́ríkà, òfin kan tí wọ́n ń pè ní TCPA wà láti 1991. Ẹni tí wọ́n bá fi ìpolówó ránṣẹ́ sí láìgba àṣẹ lè gba dọ́là 500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì lè tó 1,500 bí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá nọ́ńbà kí ẹ rí bí iléeṣẹ́ ṣe ń kógbá wọlé. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, GDPR, òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún, ọdún 2018 sọ pé bó ṣe rọrùn tó láti fún èèyàn ní ìyọ̀ǹda ló gbọ́dọ̀ rọrùn tó láti gbà á padà.

Gbígbà á padà yìí, ibẹ̀ ni mo ti ń bá ọ̀pọ̀ jà. Wọ́n á ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́ tẹ “DÚRÓ”. Ó dáa. Ọ̀dọ́ kan wá tẹ “ẹ jọ̀ọ́ ó tó gẹ́ẹ́”, òmíràn bú yín. Ẹ̀rọ yín kò rí “DÚRÓ” níbẹ̀, ó tún fi ìbéèrè ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bú yín ti ní kí ẹ dúró. Ẹ yan èèyàn tí yóò máa ka èsì tí ẹ̀rọ kò mọ̀.

Ohun kan ṣì kù. Àwọn iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ máa ń gba nọ́ńbà tí wọn kò lò mọ́, wọ́n á sì tà á fún ẹlòmíràn. Ẹni tó fún yín ní àṣẹ lọ́dún tó kọjá lè má ni nọ́ńbà náà mọ́ lónìí. Bí ẹ ò bá ti kàn sí nọ́ńbà kan fún ìgbà pípẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ẹni tí ẹ mọ̀ náà ló ṣì ni ín.

Ọjọ́ orí ńkọ́? “Ọ̀dọ́” lè jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ibí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní Amẹ́ríkà, òfin COPPA kò gba ìkànnì tó wà fún àwọn ọmọdé láyè láti gba ìsọfúnni lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 láìjẹ́ pé òbí gbà. Ní Yúróòpù, ọdún 16 ni GDPR fi ṣe ààlà fún ọmọ tó bá fẹ́ dá gbà fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè dín in kù, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kéré sí 13. Ẹ wádìí ti ibi tí àwọn oníbàárà yín wà kí ẹ tó fi ìbéèrè kankan ránṣẹ́.

Ọdún tí wọ́n bí i ni kí ẹ bi í, ẹ má bi í pé “Ṣé o ti pé méjìdínlógún?” Ọmọ tó bá rí ìbéèrè kejì yìí ti mọ èsì tí ẹ fẹ́. Bó bá kéré jù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ parí ọ̀rọ̀ náà, ẹ sì pa nọ́ńbà rẹ̀ rẹ́. Fóònù ìyá ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń lò, nítorí náà ẹni tó ń tẹ èsì náà lè má jẹ́ ẹni tí ẹ rò.

Ṣé a lè fi ìwádìí náà polówó ọjà díẹ̀?

Rárá. Láti 1948 ni ESOMAR, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí ọjà, ti ní ìlànà ìwà, òun àti ICC (International Chamber of Commerce, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò àgbáyé) ni wọ́n sì jọ di í mú lónìí: ìwádìí dá dúró, títa ọjà dá dúró. Ẹni tí ẹ bá fi ìbéèrè tàn débi ìpolówó lẹ́ẹ̀kan kò ní dá yín lóhùn mọ́.

Báwo ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣe lè gùn tó?

Ìdáhùn tí gbogbo ayé mọ̀ ni 160. Friedhelm Hillebrand ará Jámánì ló jókòó ní 1985, tó ń tẹ gbólóhùn oríṣiríṣi, tó sì ń ka lẹ́tà inú wọn títí ó fi gbà pé 160 tó láti sọ ọ̀rọ̀ tó ní láárí. Ṣùgbọ́n àwọn lẹ́tà tó wà nínú àkójọ kékeré kan tí fóònù mọ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ni iye yẹn wà fún. Bí lẹ́tà kan ṣoṣo bá ti jáde kúrò nínú àkójọ náà, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á yí padà sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, àyè á sì dín kù sí 70.

Ẹni tó ń kọ Yorùbá, kó fetí sí èyí dáadáa. Lẹ́tà kékeré à, è, ì, ò, ù àti é wà nínú àkójọ náà. Á, í, ó àti ú kò sí níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ náà kò sí. Nítorí náà, bí ẹ bá fi àmì sí Yorùbá bó ṣe yẹ, 70 ni ẹ ní. Àwòrán kékeré olójú ẹ̀rín tí ẹ fẹ́ fi tẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́rùn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo tó láti gé 160 sí 70. Kódà àmì àyọlò tó tẹ̀ kọ́rọ́, tí ẹ ṣèèṣì dà láti inú ìwé tí ẹ tẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, tó bẹ́ẹ̀.

Tí ọ̀rọ̀ bá sì gùn jù, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, wọ́n á tún fi nǹkan díẹ̀ nínú àyè náà so ó pọ̀: 153 ló máa kù nínú abala kọ̀ọ̀kan dípò 160, tàbí 67 dípò 70. Iye abala ni wọ́n fi ń gba owó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ Yorùbá pẹ̀lú àmì rẹ̀, kí ẹ sì san owó abala méjì. Bí owó kò bá gbà, ẹ yọ àmì, ṣùgbọ́n ẹ fún ẹni tí kò mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ kó kà á sókè kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Ìbéèrè mélòó ló tó?

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Lórí àtẹ̀jíṣẹ́, ẹyọ kan sí mẹ́ta. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí èèyàn lè parí láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Èmi fẹ́ràn ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn olùwádìí ti rí i léraléra pé ó máa ń pẹ́ kí èèyàn tó dáhùn ìbéèrè kan náà lórí fóònù ju orí kọ̀ǹpútà lọ, àti pé àwọn tó ń já a sílẹ̀ láàárín ọ̀nà pọ̀ jù lórí fóònù.

Ìṣòro náà kò sí lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́. Inú ìpàdé ló ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ti ní ìbéèrè kan tí wọ́n fẹ́ kí ẹ “kàn fi kún un”. Mo ní oògùn fún ìyẹn. Ẹ mú ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó mú un wá kọ sílẹ̀ pé: bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí a máa ṣe nìyí, bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí a máa ṣe nìyí. Bí ohun méjèèjì bá jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ pa ìbéèrè náà rẹ́ lójú rẹ̀. Ọjọ́ orí, ọjọ́ tí wọ́n rajà àti ohun tí wọ́n rà, tí ẹ ti ní lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, ẹ má bi wọ́n mọ́. Inú a máa bí èèyàn tí wọ́n bá bi í léèrè ohun tó ti sọ.

Irú ìbéèrè wo ló bá ojú fóònù mu?

Ẹyọ kan lójú ìwé kan. Ẹ sá fún tábìlì tí gbólóhùn mẹ́wàá wà lápá òsì, tí “mo gbà gan-an” títí dé “n ò gbà rárá” wà lókè. Lójú fóònù, apá kan rẹ̀ á fara pamọ́, ẹni náà á sì máa tẹ ìlà kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè bọ́. Òṣùwọ̀n olórí márùn-ún tí Rensis Likert gbé jáde ní 1932 ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ẹ bá to àwọn èsì rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ara wọn, tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan sì tóbi tó àtàǹpàkò. Ìbéèrè òdo sí mẹ́wàá tí Fred Reichheld sọ di olókìkí ní 2003, pé ṣé ẹ lè júwe wa fún ọ̀rẹ́, dára fún àtẹ̀jíṣẹ́ torí nọ́ńbà kan ṣoṣo ni èsì rẹ̀. Ẹ fi “Kí nìdí?” tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà yẹn nìkan kò lè sọ ohun tí ẹ máa tún ṣe.

Ẹ máa yí ìtòlẹ́sẹẹsẹ èsì padà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí èkejì, torí pé ojú máa ń dúró sórí èyí tó wà lókè. Ẹ fi “kò kàn mí” síbẹ̀. Ẹ má so ìbéèrè méjì pọ̀: “Ṣé ọjà wa dára, ó sì pọ́ọ́kú?” Kí ni kí ẹni tó rò pé ó dára ṣùgbọ́n ó wọ́n tẹ̀?

Nípa bí ẹ ṣe máa sọ̀rọ̀: ẹ má ṣe èdè ìgboro àwọn ọ̀dọ́. Kó tó dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ yín, wọ́n ti jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Yorùbá tó mọ́, tó kúrú, tó sì pọ́n wọn lé ti tó, ṣùgbọ́n tí àwọn bá fi ìgékúrú ọ̀rọ̀ fèsì, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀.

Ṣé òtítọ́ ni wọ́n máa sọ?

Ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí Michael Schober àti Frederick Conrad wà nínú wọn, tẹ ìwádìí kan jáde nínú PLOS ONE, ìwé àtìgbàdégbà àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Wọ́n bi àwọn tó ń lo iPhone ní ìbéèrè kan náà, àwọn kan nípa ìpè, àwọn kan nípa àtẹ̀jíṣẹ́. Àwọn tó fi àtẹ̀jíṣẹ́ dáhùn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ nọ́ńbà àfojúbù, wọ́n sì tú àṣírí tó ń tini lójú sílẹ̀ ju àwọn tó sọ̀rọ̀ lẹ́nu lọ. Ọ̀rọ̀ náà yé èèyàn. Kò sí ẹni tó ń dúró dè wọ́n lórí ìlà, wọ́n lè ronú kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ẹni tó jókòó tì wọ́n kò sì gbọ́ nǹkan kan.

Èyí kò ní kí ẹni tó ti sú má tẹ ohunkóhun tó bá rí. Bí ẹnì kan bá dáhùn ìbéèrè ogún láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ìgbà wo ló dára ká fi ránṣẹ́?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹni tó gba ẹrù rẹ̀ lónìí, ẹ bi í lónìí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹ yẹra fún àkókò ẹ̀kọ́ àti òru, kí ẹ sì fi aago ibi tí ẹni náà wà ṣe ìṣirò.

Wọ́n ń bẹ̀rù àtitẹ líǹkì wa.

Wọ́n gbọ́n. Ọ̀nà kan náà ni àwọn gbájúẹ̀ ń gbà. Ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́ yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, ẹ sọ ohun tó dá yín pọ̀ mọ́ ẹni náà, ẹ sì lo àdírẹ́sì ìkànnì yín gan-an dípò líǹkì tí wọ́n gé kúrú, tí kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ń lọ. Ẹ kéde ìwádìí náà lórí ìkànnì yín kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè rí i níbẹ̀. Ẹ má béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tàbí nọ́ńbà káàdì báńkì láé, kódà fún ẹ̀bùn. Àti pé bó bá jẹ́ orúkọ iléeṣẹ́ yín ló hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ dípò nọ́ńbà, ẹni náà kò ní lè fèsì; bí ẹ bá fẹ́ èsì, ẹ gba nọ́ńbà kúkurú tàbí nọ́ńbà lásán.

Àwọn tí kò ní dátà tó ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí ojú ìwé náà fúyẹ́, láìsí fídíò. Kí ó máa fi èsì kọ̀ọ̀kan pamọ́ bí ẹni náà ṣe ń tẹ̀ ẹ́, kó bàa lè padà síbi tó dé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já. Fóònù tó rẹlẹ̀ jù nínú iléeṣẹ́ yín ni kí ẹ fi dán an wò. Ẹ má lo ti ọ̀gá.

Ṣé dandan ni ẹ̀bùn?

Kì í ṣe dandan fún ìbéèrè kan. Fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yẹ. Owó ìpè tàbí dátà kékeré tó wọlé lójú ẹsẹ̀ dára ju ìlérí ẹ̀bùn ńlá tí ẹnì kan máa jẹ lọ. Ẹ̀rí sì ti wà tipẹ́ nínú iṣẹ́ ìwádìí pé ẹ̀bùn díẹ̀ tí wọ́n fún èèyàn ṣáájú ìbéèrè ń mú èsì wá ju èyí tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ fún ìparí lọ. Bí ẹ̀bùn bá tóbi jù, àwọn tí kò ra ọjà yín rí á máa wọlé, ẹnì kan ṣoṣo á sì lè dáhùn lẹ́ẹ̀mẹfà. Ẹ fi líǹkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, kó má lè ṣiṣẹ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èèyàn 5,000 ló fèsì. Ṣé a lè sọ pé “àwọn ọ̀dọ́ ní…”?

Ẹ rọra. Ní 1936, ìwé ìròyìn Literary Digest ní Amẹ́ríkà fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá èèyàn. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì tó dáhùn. Wọ́n kéde pé Landon ló máa wọlé sípò ààrẹ. Roosevelt ló wọlé, ìpínlẹ̀ 46 nínú 48 ló sì mú. Inú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù àti àkójọ àwọn tó ní mọ́tò ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ orúkọ, lásìkò tí tálákà kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn tó sì dáhùn kò rí bí àwọn tó dákẹ́.

Bí ẹ bá ṣẹ́ kèké mú èèyàn 400, tí gbogbo wọn dáhùn, lọ́pọ̀ ìgbà àṣìṣe yín kò ní ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Fún 1,000, ó máa tó 3. Ṣùgbọ́n àwọn 5,000 yín yìí, àwọn ló yan ara wọn. Ẹ fi wọ́n wé àkójọ gbogbo oníbàárà yín: ṣé ọkùnrin pọ̀ jù níbẹ̀, ṣé àwọn tó ń rajà lójoojúmọ́ nìkan ló dáhùn? Kí ẹ sì kọ ọ́ báyìí: “lára àwọn oníbàárà wa tó fèsì”.

Ṣé ibì kan wà tí irú èyí ti ṣiṣẹ́ fún àwọn ọ̀dọ́ lóòótọ́?

U-Report ti UNICEF, tó bẹ̀rẹ̀ ní Uganda ní 2011. Kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń tà o. Ọ̀rọ̀ ìlú ni wọ́n ń bi àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ fọwọ́ ara rẹ̀ wọlé, ìbéèrè ṣókí dé lórí àtẹ̀jíṣẹ́, èsì kò ná an ní kọ́bọ̀, gbogbo ayé sì ń rí àbájáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti ìgbà náà. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, pé ẹni tó dáhùn rí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ, ni àwọn oníṣòwò kì í fẹ́ ṣe, òun ló sì ń mú kí èèyàn dáhùn lẹ́ẹ̀kejì.

Kí la máa ṣe lẹ́yìn tí èsì bá dé?

Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí àwọn tó dáhùn: ohun tí ọ̀pọ̀ yín sọ nìyí, ohun tí a máa yí padà nìyí, èyí ni a kò ní lè ṣe. Ẹ má bẹ̀rù láti kọ apá kẹta. Ọ̀dọ́ lè gba “kò ṣeé ṣe”, ìdákẹ́jẹ́ ni kò lè gbà. Ẹ ya nọ́ńbà fóònù kúrò lára èsì kí ẹ tó pín in fún àwọn ẹ̀ka yín, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ máa pa nọ́ńbà náà rẹ́.

Ẹ̀ẹ̀melòó la lè bi ẹnì kan náà láàárín ọdún?

Iye tí ẹ sọ fún un nígbà tó fún yín ní nọ́ńbà. Bí ẹ ò bá sọ iye kan, kó má ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta lọ.